Orúkọ Ta Ni A Ó Dá?

Láti ọdún 2003 ni àwọn òǹkàwé kan ti ń ṣe Yuletide lọ́dọọdún. Olúkúlùkù á kọ ìtàn nípa ẹ̀dá ìtàn tí ẹlòmíràn fẹ́ràn, á sì fi ta á lọ́rẹ ní Kérésìmesì. Ìtàn náà kò gbọdọ̀ dín ní 1,000 ọ̀rọ̀. Ṣáájú, wọ́n á dárúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn. Ẹni tí a kò bá dárúkọ, kò sẹ́ni tó lè béèrè rẹ̀.

Bí èmi bá fẹ́ dárúkọ láti inú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Obìnrin tí Kàkó pa nítorí pé kò jẹ́ kí ó lọ ńkọ́? Ó kú, ìrìn àjò ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ òfin yìí: ó ń bi wá léèrè ẹni tí a gbàgbé.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Kí òǹkọ̀wé yẹra fún ohun tí ẹni tó máa gba ẹ̀bùn sọ pé òun kò fẹ́. Kí ẹni tó gbà á náà dúpẹ́, bí kò tilẹ̀ rí bó ṣe rò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dàbí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ.

Bí ẹnìkan bá kọ ìtàn obìnrin yẹn fún mi, màá dúpẹ́, kódà bí ó bá pa mí lẹ́kún.