Ọwọ́ Tó Mọ Ike Yàtọ̀ sí Ike

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí dànù lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. L'Ékòó, LAWMA, àjọ ìkólẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ló ń darí rẹ̀, ọkọ̀ àwọn aládàáni tí wọ́n ń pè ní PSP ló sì ń kó o lójúlé sójúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí gan-an, kó wá àwọn tó ń ṣa bọ́ọ̀lá lọ.

Ẹ wo obìnrin kan tó jókòó ti òkìtì ike. Ọ̀bẹ kékeré, abọ́ omi àti àpò ńláńlá ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mú ìgò omi kan, ó fún un, ó dún pàrà. Ó ti mọ irú èyí tó jẹ́. Ó ṣí ìdérí kúrò, ó fi ọ̀bẹ gé òrùka tó kù lọ́rùn ìgò, ó bó ọ̀rá tí wọ́n kọ orúkọ sí kúrò lára rẹ̀. Àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ, torí ike tí wọ́n fi ṣe ìgò kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìdérí. Bí wọ́n bá yọ́ wọn pọ̀, ọjà bà jẹ́ nìyẹn. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣe iyè méjì, á gé díẹ̀ sínú omi. Ara ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Kẹ́ẹ̀gì òróró ní tirẹ̀ kì í dún. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí àbẹ́là. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó kó tó jù ú sí àyè rẹ̀.

Àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn agolo àti wáyà àlòkù, náà ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì kan agolo: èyí tó bá lẹ̀, irin ni, agolo ẹlẹ́rìndòdò tí kò lẹ̀ ló lówó jù. Wáyà bàbà ńkọ́? Ẹni tó mọṣẹ́ kì í dáná sun ún. Abẹ ló fi ń bó èèpo rẹ̀, nítorí bàbà tí iná ti sọ di dúdú, owó rẹ̀ á já wálẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni mo pe èyí, mi ò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Gbogbo ike tí ọwọ́ wọn bá yọ kò ní dé ojú gọ́tà. Àwọn ará Ìbàdàn ò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa tí ìdọ̀tí ti dí kún àkúnya, tó sì gbé èèyàn lọ.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ àwọn tó ń ṣa bọ́ọ̀lá jẹ́, ilé wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Páálí tí a jù mọ́ ìyókù ọbẹ̀ ti di ohun tí kò ṣeé tà.

Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí ní àyè tó ní òrùlé, omi àti ìbọ̀wọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì bá wọn jókòó kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìkólẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ gbé àpò kejì sí ilé ìdáná yín: èyí tó tutù lọ́tọ̀, èyí tó gbẹ lọ́tọ̀.