Ìmùlẹ̀ àti Ìbọn nínú Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání

Òkìkí Túndé Kèlání, ẹni tí wọ́n bí ní 1948 tí ó sì dàgbà ní Abẹ́òkúta, kò dúró lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ayàwòrán nìkan. Iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ni ó fi ṣe òpó. Láti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni Kòseégbé, Ó Le Kú àti Ṣaworoidẹ ti wá. Mágùn sì ti ọwọ́ Adébáyọ̀ Fálétí wá. Ìró àti bùbá olékù tí ó tún gbòde lẹ́yìn Ó Le Kú (1997) jẹ́ ẹ̀rí ipa rẹ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n inú Ṣaworoidẹ (1999) ni ipa tí ó jinlẹ̀ jù lọ wà.

Ní ìlú Jogbo, Lápité gorí oyè láìṣe ìmùlẹ̀ tí ó so adé mọ́ ìlù. Nígbà tí adé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ké sí Lágàta, ọ̀gá ológun. Lágàta gba adé padà, ó pa Lápité, ó sì gba ìtẹ́. Ìjọba ológun ayé ìgbà náà ni eré yìí ń bá wí. Síbẹ̀, ará Ìjẹmọ̀ tí ó bá wò ó kò ní pè é ní àlọ́. Ní Ògústù 1914, nígbà tí Ìjẹmọ̀ fárígá nítorí àgbàlagbà kan tí ó kú sí àhámọ́, ìjọba Ẹ̀gbá ké sí ọmọ ogun òyìnbó. Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tí ìbọn pa. Kí ọdún náà tó parí, àdéhùn 1893 tí ó fi Ẹ̀gbá sílẹ̀ lómìnira ti di òfo. Ẹni tí wọ́n pè láti gbèjà àṣẹ ni ó gba àṣẹ lọ.

Ibi tí eré àti ìtàn ti yapa ni ìparí. Ní Jogbo, wọ́n lu ṣaworoidẹ, Lágàta sì kú. Ní Ìjẹmọ̀, ìwé àdéhùn wà, ṣùgbọ́n kò sí ìlù tí ó lè dá ẹni tí ó dà á lẹ́jọ́. Àléébù eré náà nìyí: ó mọ orísun àrùn dájú, ṣùgbọ́n ìwòsàn rẹ̀ yá ju bí ayé ti rí lọ. Agogo Èèwọ̀ (2002), tí ó tẹ̀ lé e, tún gbẹ́kẹ̀ lé irú ìdájọ́ kan náà.

Ní 2021, Kèlání padà sí Abẹ́òkúta nínú Ayinla, eré lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, ó sì fi hàn pé òun lè sọ ìtàn ìlú yìí láìfi orúkọ bò ó. Ìtàn Ìjẹmọ̀ náà yẹ fún irú ojú bẹ́ẹ̀.