Òwe Wèrè àti Àwọn Ọ̀dọ́ Wa ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó ń gùn ún mọ ibi tí ẹṣin náà ń gbé e lọ. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá gbogbo, òwe kan wà tí ó máa ń pa ni lẹ́rìn-ín: ‘Wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ.’ Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Abala méjì ni ó ní. Ẹnu èrò ọ̀nà ni abala kìíní ti jáde, ẹnu òbí ni èkejì ti jáde. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó ń rán ẹni tí ń rẹ́rìn-ín létí pé ọmọ ẹnìkan ni ó ń wò. Àbùkù rẹ̀ ni pé aláìsàn fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ìran ni ó jẹ́ fún àjèjì, ìtìjú ni fún òbí. Kò sí ibi tí ó ti jẹ́ ènìyàn tí ara rẹ̀ kò dá.

Ọ̀rọ̀ kejì burú jù ú lọ: pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Árò, Abẹ́òkúta, pé ìrètí wà. Ó fi àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn wọ̀ sí abúlé. Wọn a gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn a sì padà sílé lálẹ́.

Àrùn kòrónà tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020 ni ó fi ìwúwo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí hàn. Ìgbà ọ̀dọ́ ni àìsàn ọpọlọ líle sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, oògùn tí kò gbọdọ̀ já ni ó sì ń gbé púpọ̀ nínú wọn ró. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún náà títí di òpin oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀dọ́ Òkìtìpupa tí oògùn rẹ̀ wà ní Árò ní láti kọjá ààlà Oǹdó àti Ògùn. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún ohun kòṣeémánìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ lójú ọlọ́pàá pé oògùn wèrè ni òun ń lọ gbà? Alátọ̀gbẹ lè sọ tirẹ̀. Ẹni tí òwe ti sọ di ìran yóò dákẹ́. Nígbà tí a sì ní kí olúkúlùkù wọlé, ẹni tí a ti lé sí ọjà kò ní ilé tí yóò wọ̀.

Èdè wa kò tòṣì. Àwọn onísègùn wa mọ abísínwín, wọ́n mọ ọdẹ orí, wọ́n mọ wèrè aláṣọ tí ó ṣì wà láàárín ẹbí rẹ̀. Orúkọ àìsàn ni ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe èébú. Òfin ìlera ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin ayé àwọn amúnisìn. Ó kù kí ẹnu wa náà yí padà. Ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè lọ sí Ìkọ̀yà àti Ìrèlè, kí á gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá Ìkálẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tí ó ń ṣàìsàn sílẹ̀.

Èmi kò ní kí a gbàgbé òwe náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí yóò pa á rántí ọmọ kí ó tó rántí ìran.