Ta Ní Ń Bọ́ Olùwádìí?

 

Ẹ ó rántí ọdún 2018. Níbi ìkómọ, ní gáréèjì, lẹ́yìn ìsìn àti lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: pé Nàìjíríà ti gba ipò lọ́wọ́ Íńdíà, pé àwa ni òtòṣì paraku pọ̀ sí jù lágbàáyé. Mílíọ̀nù 87 ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 73 ní Íńdíà. Àwọn tí kò fẹ́ràn ìjọba ìgbà náà gbé iye yìí kiri bí ẹni gbé àsíá. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní irọ́ òyìnbó ni. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa níhìn-ín, díẹ̀ ló kù kí ó dìjà láàárín àwọn àgbà méjì tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa, títí kan àwa tí a ń kọ ìwé yìí, tó béèrè pé: ta ló ka àwọn òtòṣì wọ̀nyí? Ta ló sì sanwó iṣẹ́ fún un?

Ilé ìwádìí kan ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde. Brookings ni wọ́n ń pè é. Ọ̀mọ̀wé wọn kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti World Data Lab ló kọ ọ́. Ọdún 1916 ni wọ́n dá ilé náà sílẹ̀, ó sì di Brookings lórúkọ ní 1927. Iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìlú wò fínnífínní, ìbáà ṣe owó orí, ìbáà ṣe ìlera, ìbáà ṣe ogun, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí fún ìjọba àti aráàlú. Wọ́n ní àwọn kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Wọ́n tún ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀: ẹni tó dáwó kò gbọdọ̀ pàṣẹ ohun tí ìwádìí yóò sọ, wọn a sì máa tẹ orúkọ àwọn tó dáwó jáde lọ́dọọdún. Ìlànà tó dára ni. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bó ṣe máa ń rí nígbà tí owó ńlá bá wọlé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fún olóòótọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Iye ti 2018 yẹn kì í ṣe irọ́. Àwa tí a kọ́ ìṣirò díẹ̀ ní pólì, tí a sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ fáìlì ìjọba, mọ̀ pé kò sí ẹni tó lọ láti ojúlé dé ojúlé ka mílíọ̀nù 87. Ìfojúdíwọ̀n ni. Ìwádìí ńlá tí ìjọba wa ṣe lórí ìgbé ayé agboolé ní 2009 sí 2010 ló ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, wá ṣe tuntun ní 2018 sí 2019, tí èsì rẹ̀ jáde ní May 2020, wọ́n rí mílíọ̀nù 82.9 ènìyàn, ìyẹn 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìnáwó wọn lọ́dún kò tó ₦137,430. Wọn kò ka Borno mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n wéra bí ẹni fi kóńgò kan náà wọn gàárì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irọ́ òyìnbó ni, kí ó yẹ ti ọmọ Nàìjíríà náà wò kó tó tún sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn owó ló wá ṣòro. Ní September 2014, ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé ilé ìwádìí tó lé ní méjìlá ní Washington ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Brookings wà lára wọn. Qatar, orílẹ̀-èdè kékeré tí gáàsì kún inú ilẹ̀ rẹ̀, ti ṣèlérí mílíọ̀nù 14.8 dọ́là fún un ní 2013, pé òun yóò san án láàárín ọdún mẹ́rin. Brookings sì ti ní ẹ̀ka ní Doha, olú-ìlú Qatar, láti 2008. Ọ̀mọ̀wé kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún oníròyìn pé nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò fún iṣẹ́ náà, wọ́n ti jẹ́ kó yé òun pé òun kò gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba Qatar nínú ìwé òun. Àwọn aláṣẹ Brookings ta kò ó, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè fi owó ra ìwádìí àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Yorùbá ní a kì í ti ojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ọmọlúàbí ni ẹni tó bá pa ìyẹn mọ́ níbi àsè. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ olùwádìí bí kò ṣe láti ka ìka? Ní Qatar, ó ju mẹ́jọ lọ nínú ẹni mẹ́wàá tó jẹ́ àlejò níbẹ̀, bí àwa náà ṣe jẹ́ àlejò níhìn-ín: ará Nepal, ará Íńdíà, ará Bangladesh, tí wọ́n ń kọ́ ilé nínú oòrùn. Olùwádìí tí oúnjẹ rẹ̀ ti ọwọ́ onílẹ̀ wá yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó fún àwọn wọ̀nyẹn. Kò sí ẹni tó ní kó má béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí ìbéèrè míì tó fi ara rọ̀ ṣe. Irú èyí kò sí ìlànà tó lè mú un, nítorí ìwé tí ẹnìkan kò kọ kò ní ojú-ìwé tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Ní 2021 Brookings já okùn tó wà láàárín òun àti ẹ̀ka Doha náà.

Èyí tó dun àwa òṣìṣẹ́ ìjọba jù ni ti 2015, nítorí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni. Ìjọba Obama fẹ́ ṣe òfin pé ẹni tó bá ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lórí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àǹfààní òṣìṣẹ́ náà ṣáájú tirẹ̀. (Ẹ ò rí i pé ó nílò òfin!) Robert Litan, ọ̀mọ̀wé tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ Brookings bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gba owó oṣù níbẹ̀, lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin àgbà ní July ọdún náà, ó ní òfin náà yóò pa àwọn tí owó wọn kéré lára. Capital Group, iléeṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀, ló san owó ìwádìí tó gbé lọ́wọ́. Litan kò fi ìyẹn pa mọ́. Ìgbà tí Sẹ́nétọ̀ Elizabeth Warren bi í léèrè sí i ni ó tó hàn pé $85,000 ni owó náà, pé $38,800 kan òun nínú rẹ̀, àti pé àwọn tó sanwó ti dá sí ìwé náà kó tó jáde. Warren kọ̀wé sí Brookings ní September, Litan sì fi ipò náà sílẹ̀. Ohun tí Brookings ní ó ṣẹ̀ sí ni pé ó lo orúkọ ilé náà níwájú aṣòfin, èyí tí wọn kò gbà fún irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀.

Níbi yìí ni a ti bá Brookings wí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dárúkọ ni ẹ̀ṣẹ̀ orúkọ orí ìwé. Èyí tó kan ará ìlú ni pé ẹni tí òfin náà yóò bá wí ti rí ìwé ẹlẹ́rìí ṣáájú adájọ́. A kò pe Litan lólè o. Ó ṣeé ṣe kí ó gba gbogbo ohun tó kọ gbọ́ tọkàntọkàn. Àwa náà rántí ìgbà tí ètò ìfẹ̀yìntì ti 2004 bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, tí àwọn tó fẹ́ bá wa tọ́jú owó kó kàlẹ́ńdà àti bírò wá. Kàlẹ́ńdà tó rẹwà jù ni púpọ̀ nínú wa tẹ̀ lé. Bí ẹnìkan bá sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà rà wá, a ó bá a jà.

Ti ààrẹ wọn, John Allen, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, kò gùn. Ní June 2022 ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nítorí pé FBI ń wádìí bóyá ó ti bá Qatar wá ojúrere ní kọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní 2017, kó tó di ààrẹ ilé náà. Ó ní òun kò ṣe é. Ní 2023 wọ́n pa fáìlì náà dé láì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. A ti sọ òwe yìí fún ọ̀pọ̀ òṣèlú. Ó tó àkókò kí a sọ ọ́ fún ara wa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n tún ọjà ìlú yìí kọ́, ẹgbẹ́ wa yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-márùn-ún láti wádìí bí wọ́n ṣe pín ṣọ́ọ̀bù: iye ọmọ wa tó ní tẹ́lẹ̀, iye tó rí gbà padà. Àwa ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. A lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ìyá eléèlùbọ́ kan kó rìsíìtì ọdún mọ́kànlá jáde nínú ọ̀rá, ó ní kí a kà á. Àbọ̀ wa di ojú-ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí owó láti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ wa kan tó rí ṣe, tó sì gba kọntiráàtì díẹ̀ níbi kíkọ́ ọjà náà, ní òun yóò san gbogbo rẹ̀. Kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní kí a jẹ́ kí òun kà á. Lálẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, àwa fúnra wa yọ ojú-ìwé kẹtàdínlógún, níbi tí orúkọ àwọn tó gba ju ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ wà, nítorí orúkọ àna rẹ̀ wà níbẹ̀. A pè é ní ọ̀wọ̀. Ọjọ́ ìkójáde, ìyá eléèlùbọ́ ní kí ọmọ òun bá òun ka ìwé náà, ó wá bi wá pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo lẹ kọ tèmi sí?”

Ìwé ìrántí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí gan-an, ìkíni àti ìpolówó ló san owó rẹ̀, ẹ sì ti rí àwòrán wọn láti ẹ̀yìn ìwé dé àárín. Bí ẹ bá rí ohun tó bá ẹnìkan wí nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ará Washington, ẹ pè wá.

Ìgbìmọ̀ tuntun ti wà nílẹ̀ báyìí lórí owó ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ń san nítorí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. A ti bẹ ẹgbẹ́ pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan dá owó díẹ̀, kí a má gbà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kí orúkọ ẹni tó bá dá ju àwọn yòókù lọ sì wà ní ojú-ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú iye tó dá. Ìpàdé kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Akápò ní owó náà kò ní pé. Ojú-ìwé kẹtàdínlógún ṣì wà nínú fáìlì wa nílé, a ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, a sì ti mú ọ̀kan lọ fún ìyá eléèlùbọ́ ní etí títì tó ń tajà sí nísinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀.