Ohùn Méjì Nínú Ẹwìrì Kan: Lámèyítọ́ lórí Àkọ́díọ̀nù I. K. Dáíró

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró a máa sọ pé òun ló mú àkọ́díọ̀nù wọ inú orin jùjú, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé gbígbé ohun èlò àjèjì kọ́ ọrùn ti tó láti sọ ènìyàn di àgbà ọ̀jẹ̀. Ohun èlò tí àwọn atukọ̀ òkun kó dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ta gbòǹgbò. Kí ló wá mú kí èyí dún lọ́wọ́ Dáíró bí ohun tí wọ́n bí sílé? Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ń gbà gbe orin ló fún un ní ìjókòó. Bí kì í bá ṣe ti ìyẹn, àkọ́díọ̀nù ì bá kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lára orin rẹ̀.

Ọ̀fà ni wọ́n bí Dáíró sí ní 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun ìdílé rẹ̀. Owó ilé-ìwé kò tó, ó fi ìwé sílẹ̀, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó sì ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ìlù tí bàbá rẹ̀ kàn fún un bá a dé ibẹ̀. Ó kiri aṣọ tà, ó bá Daniel Òjògé ṣeré ní Ìbàdàn, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Morning Star Orchestra ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà nígbà náà. Blue Spots ló padà ń jẹ́. Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Ẹni tó bá gbéra ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yóò gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Àrámọ̀kọ, Ìgèdè àti Ìyìn kó tó wọ Adó-Èkìtì. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, orin àjùmọ̀kọ kò yí padà lọ títí. Láàárín àwọn Ọ̀yọ́, ohùn kan ṣoṣo ni elégbè sábà fi ń gbe orin. Níbí, ohùn a máa là sí méjì. Bí ti àkọ́kọ́ bá wà ní dò, èkejì á wà ní mí. Bí àkọ́kọ́ bá bọ́ sí re, èkejì á bọ́ sí fa. Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn ìyá Èkìtì níbi ìsìnkú àgbà ti gbọ́ ọ, kódà bí kò bá mọ orúkọ tí yóò pè é.

Ó tọ́ kí á wo ohun èlò náà fúnra rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlú Vienna ni Cyrill Demian ti gba ìwé-àṣẹ àkọ́díọ̀nù ní 1829. Irú èyí tí Dáíró ń tẹ̀ jẹ́ oní-bọ́tìnnì mẹ́wàá. Bọ́tìnnì kan ní ìró méjì: bí a bá ń ti ẹwìrì pọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò dún; bí a bá ń fà á yà, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìka lé bọ́tìnnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá ti ẹwìrì, dò àti mí ni yóò dún. Bí a bá fà á láì gbé ìka kúrò, re àti fa ni. Ìyẹn gan-an ni ìrìn ohùn méjì tí mo ṣàlàyé lókè. Ká sún ìka sí bọ́tìnnì kan síwájú: mí àti sọ, lẹ́yìn náà fa àti la. Òtítọ́ ni pé lókè díẹ̀ sí i ìtẹ̀lé yìí a dàrú, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti gún yẹn ti tó fún ìlà orin púpọ̀.

Àwọn kan á ní ilé ìjọsìn ni Dáíró ti kọ́ èyí. Lóòótọ́, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, orin Aládùúrà sì wọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú orin ìwé òyìnbó, apá kan lè máa gòkè nígbà tí èkejì ń sọ̀. Bí a bá fi Yorùbá sí i, ohùn ọ̀rọ̀ á fọ́, ìtumọ̀ á sì bàjẹ́. Ìlànà Ìjẹ̀ṣà òun Èkìtì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohùn méjèèjì ṣe jọ ń rìn, àmì ohùn ọ̀rọ̀ a máa dúró lórí àwọn méjèèjì. Àkọ́díọ̀nù tó bá ń tẹ̀lé wọn kì yóò ba gbólóhùn jẹ́. Mo gbà pé etí Dáíró mọ èyí kí ìka rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ó sì mọ ibi tí agbára ohun èlò náà pin sí. Àkọ́díọ̀nù kò lè yọ́ láti ìró kan sí òmíràn bí gángan, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀. Nínú Salome, tí ó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àkọ́díọ̀nù ló ṣí ilẹ̀kùn orin; Dáíró lé, àwọn elégbè gbè. Nígbà tó dé àárín, ó fi àyè sílẹ̀ fún gángan láti sọ tẹnu rẹ̀, tí elégbè sì ń dá a lóhùn. Àwọn olórin tó mú ohun tuntun wọlé a máa fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkóra-ẹni-níjàánu tí Dáíró fi hàn níbí ni mo kà sí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó ga jù.

Ẹ fi wé Jimmy Shand ti Scotland. Wọ́n bí i ní East Wemyss ní 1908. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀, òun náà sì wa kùsà kó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní 1962 ni òun gba MBE tirẹ̀, ọdún kan ṣáájú Dáíró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníjó ni Shand ń ṣiṣẹ́ fún. Àkọ́díọ̀nù rẹ̀ ní ìlà bọ́tìnnì mẹ́ta, ó lè ti orí ohùn kan bọ́ sí òmíràn, kì í sì í sinmi títí ijó fi parí. Ìlà kan ni ti Dáíró. Ibi tó bá wà ni gìtá gbọ́dọ̀ wá bá a.

Ìdè yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àkọ́díọ̀nù pàdánù àyè rẹ̀. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba iwájú ní àwọn ọdún 1970, gìtá lórí gìtá ni wọ́n kó jọ, orin sì gùn sí i. Dáíró kò jáwọ́ o: ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington ní Seattle ní àwọn ọdún 1990, kó tó kú sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, 1996, ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Kíbọ́ọ̀dù ló gba ipò náà nínú ìjọ àti òde àríyá ní Adó báyìí. Ó ń tẹ ohùn méjì náà dáadáa, kò sì sí orí ohùn tí kò lè bọ́ sí. Síbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kì í mí. Ẹwìrì gbọ́dọ̀ yí padà kí atẹ́gùn má bàa tán nínú rẹ̀, Dáíró a sì máa yí i níbi tí elégbè ti ń mí èémí.