Ibi Tí Ìwé Kọjú Sí: Àwọn Òǹkàwé Ìlú Abidjan

Láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ọkọ̀ gbaka bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe èrò, àwọn ènìyàn á ti yí àtẹ ìwé ìròyìn ká ní Adjamé, ní Treichville, ní Yopougon. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ra ẹyọ kan. Ojú ewé àkọ́kọ́ tó wà níta ni wọ́n ń kà: àkọlé gàdàgbà, àwòrán, ọ̀rọ̀ ṣókí tó wà lábẹ́ àwòrán. Ẹni tó wà níwájú á kà á síta fún ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹnìkan á jiyàn, ẹnìkan á là á, kò sì ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ á fi kúrò lórí àkọlé bọ́ sórí ìjọba, bọ́ọ̀lù àti owó ìrẹsì. Titrologue ni ìlú ń pè wọ́n, àwọn onímọ̀ àkọlé. Láàárín 2002 sí 2011, tí ìjà òṣèlú fa Côte d'Ivoire ya, ìwé ìròyìn tí ènìyàn bá dúró tì tó láti fi mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà: Notre Voie fún àwọn ti Laurent Gbagbo, ààrẹ ìgbà náà, Le Patriote fún àwọn ti alátakò rẹ̀, Alassane Ouattara.

Àwọn tó ń kẹ́dùn pé ará Abidjan kì í kàwé máa ń fi àwọn onímọ̀ àkọlé wọ̀nyí ṣe ẹ̀rí. Lójú tèmi, ẹ̀rí òdìkejì ni wọ́n jẹ́. Èdè wa gan-an lè là wá lóye nínú ọ̀rọ̀ yìí. À ń ka ìwé, à ń ka owó; ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó ń kà ń ṣírò, ó ń fi ohun tó rí wé ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "lágbájá kàwé", kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìwé ni à ń wí, pé ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó sì gba ìwé ẹ̀rí ni. Ìtumọ̀ kejì yìí ni àwọn olùkẹ́dùn fi ń wọn Abidjan. Wọ́n á wo ilé ìtàwé onígíláàsì, wọ́n á ka iye ìwé àròsọ tí wọ́n tà níbẹ̀, wọ́n á sì dájọ́. Ìyẹn kò tó fún lámèyítọ́. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ìwé kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ni ó kọjú sí? Tí ìwé bá kọ ẹ̀yìn sí ìlú, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ìlú náà kò kí i.

Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù 5.6 ènìyàn tó ń gbé Abidjan. Librairie de France wà ní Plateau, pẹ̀lú pẹpẹ tó mọ́ tónítóní àti ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú mílíọ̀nù wọ̀nyẹn ti ń bá ìwé pàdé. Librairie par terre ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀, ilé ìtàwé orí ilẹ̀: òǹtàwé á tẹ́ ọ̀rá tàbí páálí sí ẹ̀gbẹ́ títì, á sì to ìwé lé e. Ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ gíga wà níbẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè tí èèpo rẹ̀ ti ya, ìwé àdúrà, ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń di olówó, àti ìwé àròsọ tí orúkọ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lójú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí a fagi lé méjì. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àwọn òbí á pọ̀ níbẹ̀ bí omi, wọ́n á máa ná ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ṣe ìdánwò tán á gbé ìwé rẹ̀ padà wá tà. Nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tà. Lórí ilẹ̀ Adjamé, ó lè jẹ́ pé ẹni mẹ́jọ ti kà á. Àwọn orúkọ tí a fagi lé yẹn, èmi kà wọ́n sí ìtàn lítíréṣọ̀.

Kí wá ni wọ́n ń kà tí kì í ṣe tìtorí ìdánwò? Ìwé ìfẹ́ ni kí á kọ́kọ́ mú.

Ní 1998, ilé-iṣẹ́ Nouvelles Éditions Ivoiriennes, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NEI, bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé ìfẹ́ tí wọ́n pè ní Adoras. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé Harlequin ni àwọn ọmọbìnrin ń yá ara wọn kà, ìtàn ìfẹ́ àwọn òyìnbó ní ìlú tí òǹkàwé kò dé rí. Adoras mú ìfẹ́ wálé. Aláwọ̀ dúdú ni ọkùnrin àti obìnrin tó wà lórí èèpo ìwé, ìlú Áfíríkà ni wọ́n ń gbé, oúnjẹ tí òǹkàwé mọ̀ ni wọ́n ń jẹ, ẹbí sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìwé kékeré ni, kò wúwo lápò. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ wọ́n lo orúkọ ìnagijẹ, ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà. Lydia Moudileno, lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Áfíríkà elédè Faransé, wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ tó fún un ní àyẹ̀wò tó kún. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé yòókù gbójú kúrò, bí ìgbà tí àgbà rí ọmọdé tó ń jó lọ́jà.

N kò ní bo àléébù Adoras mọ́lẹ̀. Ìparí rẹ̀ máa ń dùn, bó ti wù kí ìdààmú àárín rẹ̀ pọ̀ tó. Òǹkàwé mọ ibi tí ìtàn ń lọ láti ojú ewé kẹwàá. Ọrọ̀ sábà máa ń dé bí ẹni pé ìfẹ́ ló bí i, a kì í sì í béèrè ibi tí ọkùnrin náà ti rí owó. Fi èyí wé La révolte d'Affiba tí Regina Yaou kọ ní 1985. Obìnrin inú ìwé yẹn kọ̀ láti jẹ́ kí ẹbí ọkọ fi àṣà bojú kí wọ́n sì kó ohun tí òun àti ọkọ jọ làágùn lé lórí. Yaou kò fún wa ní ìtùnú ọ̀fẹ́. Ó mú wa wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń pín ogún, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ìwé tó ga ni. Síbẹ̀, òǹkàwé kan náà ló lè di ìwé méjèèjì mú lọ́sẹ̀ kan náà, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àwọn ìwé náà kọjú sí: obìnrin tó ń gbé ìlú, tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ọkọ, ẹbí àti owó. Isaïe Biton Koulibaly mọ òǹkàwé yìí dáadáa. Ìwé rẹ̀ Ah! les femmes, àkójọ ìtàn kéékèèké, wà lára ìwé tí ará Abidjan tí kò fẹ́ràn ìwé pàápàá lè dárúkọ fún ọ.

Àwa Yorùbá ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ọ̀pọ̀ gbà pé obìnrin gidi ló wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀, àwọn òǹkàwé sì ń kọ lẹ́tà padà. Èkó rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà, ó sì dá a lóhùn. Lónìí a ń pe iṣẹ́ yẹn ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ohun tí à ń kà lọ́jà lónìí lè di ohun tí a óò kọ́ ní yunifásítì lọ́la, nítorí náà ẹ má jẹ́ ká yára bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn ìwé tí ayé mọ Côte d'Ivoire sí. Les Soleils des indépendances tí Ahmadou Kourouma kọ jáde ní Montréal ní 1968, lẹ́yìn tí àwọn atẹ̀wé Paris ti kọ̀ ọ́. Ọdún 1970 ni ilé-iṣẹ́ Seuil ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ní Faransé. Ohun tí wọ́n kà sí àṣìṣe nígbà náà ni ẹwà rẹ̀: èrò Malinké ni ó fi èdè Faransé gbé, ó sì tẹ èdè náà ba títí tó fi gba ìró ilé. Nígbà tó di ọdún 2000, ó kọ Allah n'est pas obligé, tó gba ẹ̀bùn Renaudot. Birahima, ọmọ ogun kékeré, ló ń sọ ìtàn náà, ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́rin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lo ọ̀rọ̀ Faransé tó le, á túmọ̀ rẹ̀ fún ará Áfíríkà. Bó bá lo ọ̀rọ̀ Áfíríkà, á túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó. Mo gbà pé kò sí òǹkọ̀wé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó fi ìṣòro òǹkọ̀wé wa hàn kedere jù báyìí lọ. Ọmọ tí ayé pa lára ń jẹ́rìí, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dúró ní gbólóhùn kejì kẹta láti ṣe ògbufọ̀ fún àwọn àlejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Aya de Yopougon, ìwé àwòrán tí Marguerite Abouet kọ tí Clément Oubrerie yà, tí Gallimard bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2005. Yopougon àwọn ọdún 1970 ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, ijó òru, bàbá tó ń purọ́, ẹ̀rín àti ìtìjú. Kò sí ogun, kò sí ìyàn. Ìwé tó ń múnú ẹni dùn ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀: àtúmọ̀ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà tí a ń gbà sè oúnjẹ wà, ọ̀nà tí a ń gbà ró ìró wà. Ọmọ Yopougon wo ni ó nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ró aṣọ?

Gbich! kò ní àtúmọ̀ kankan. Ìwé ìròyìn alápanilẹ́rìn-ín ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, Lassane Zohoré àti Illary Simplice ló dá a sílẹ̀ ní 1999. Ẹni tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni Cauphy Gombo, oníṣòwò tó fẹ́ rí owó ní gbogbo ọ̀nà. Gombo ni ilá ní Faransé. Ní nouchi, èdè ìgboro tí àwọn ọ̀dọ́ Abidjan fi Faransé, Dioula, Baoulé àti Bété lú pọ̀, òun ni iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan tí ń mú owó díẹ̀ wọlé. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó máa dúró ṣàlàyé fún un. Èyí ni mo pè ní ìwé tó kọjú sí ìlú rẹ̀. Láti ọwọ́ onífáàrí dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, láti ṣọ́ọ̀bù agẹrun dé inú gbaka, wọ́n ń fà á kà.

Bí ẹnìkan bá wá bi mí bóyá ìwé kíkà lòde ní Abidjan, n óò ní ó lòde, pàápàá níbi tí ènìyàn bá ti rí ẹni bá jíròrò rẹ̀. Ọjà ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní SILA ń fa èrò. Ẹ̀bùn Prix Ivoire ti wà láti 2008. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn mi fà sí jù ni ilé ìkàwé kékeré kan ní Yopougon, tí òǹkọ̀wé àti atúmọ̀ èdè Edwige-Renée Dro ṣí ní 2020 fún ìwé tí àwọn obìnrin Áfíríkà àti obìnrin aláwọ̀ dúdú kárí ayé kọ. Orúkọ rẹ̀ ni 1949. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn obìnrin rìn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam láti béèrè ìtúsílẹ̀ àwọn olóṣèlú tí Faransé tì mọ́lé. Òǹkọ̀wé Bernard Dadié wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Ìwé tó kọ síbẹ̀ jáde ní 1981 pẹ̀lú orúkọ Carnet de prison. Onímọ̀ ìtàn Henriette Diabaté ti kọ ìtàn ìrìn àwọn obìnrin náà ní 1975. Kí ọmọbìnrin Yopougon tó ṣí ìwé kankan, ó ti ka ọdún kan lára ògiri, ọdún náà sì jẹ́ ti àwọn ìyá rẹ̀ àgbà.

Ó ku àwa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ará Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ láti Èjìgbò tààrà sí Abidjan, ní ọjà Èjìgbò sì ni ènìyàn ti lè gbọ́ Faransé kó sì rí owó sefà. Kí ni àwọn Ànàgó ń kà ní èdè wọn? Bíbélì Mímọ́ ni, ìwé orin nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn Yorùbá oníṣòwò dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún, àti ìwé àdúrà àwọn mùsùlùmí. Ìwé tó níyì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville, tó ń fi Faransé kàwé tó sì ń fi Dioula nájà, kò rí ìwé ìfẹ́ kan, ìwé àwòrán kan, ìwé ìtàn kan tó kọjú sí i ní Yorùbá. Ọdún 1938 ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde láì túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún àlejò kankan. Ọmọ náà kì í ṣe àlejò, síbẹ̀ ìwé náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin atẹ̀wé Ìbàdàn àti Èkó, ẹ̀yin onímọ́tò Èjìgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di páálí ìwé Yorùbá kan mọ́ ẹrù tó ń lọ lọ́sẹ̀ yìí. Kò nílò ilé ìtàwé onígíláàsì. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní Adjamé láàárín àwọn yòókù, kí àwọn ọmọ wa dúró kà á.