Ọjọ́ Márùn-ún Lábẹ́ Bándéèjì

Ọ̀bẹ ni ojú àlejò máa ń kọ́kọ́ bà lé nínú tíátà iṣẹ́ abẹ, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé ọ̀bẹ Humby kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó gùn, irin róbótó kan sì wà níwájú ojú rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín irin yẹn àti ojú ọ̀bẹ ló ń pinnu bí awọ tí wọ́n fẹ́ bó láti fi bo egbò ṣe máa nípọn tó. Oníṣẹ́ abẹ á gbé e sókè sí iná, á fi ojú kan wò ó, á yí i díẹ̀, á tún wò ó. Awọ tí kò ju nǹkan bíi 0.3 mìlímítà lọ ló ń wá. Wọ́n á fi òróró pa itan aláìsàn, ẹnì kan á fi pátákó pẹlẹbẹ na awọ ibẹ̀ kó le dáadáa, ọ̀bẹ á wá máa lọ, á máa bọ̀, wéré wéré. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà kì í tì í síwájú tipátipá.

Ibi tí awọ ti ń ṣí kúrò ni kí ẹ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ níbẹ̀ bá jẹ́ tótòtó, tó pọ̀, tó sún mọ́ra, awọ fẹ́lẹ́ ló ń bọ̀ yẹn. Bí ojú ẹ̀jẹ̀ bá tóbi, tó jìnnà síra, ọ̀bẹ ti ń wọlé sí i. Bí ọ̀rá bá yọjú, ó ti jìn jù. Awọ tó jáde á fẹ́lẹ́ bí awọ inú àlùbọ́sà, á sì máa ká mọ́ra. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ sì funfun. Inú funfun yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí egbò. Gbòǹgbò irun tó ṣẹ́ kù sí itan ni awọ tuntun á ti hù láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń sọ pé ojú itan yìí ń dun àwọn ju egbò gan-an lọ.

Ìyá míì á ní kí wọ́n bó tòun fún ọmọ òun. Ara ọmọ náà kò ní gbà á. Àwọn olùwádìí Gibson àti Medawar ló ṣàlàyé èyí ní Glasgow lọ́dún 1943: obìnrin kan wà tí iná jó, wọ́n mú awọ lára arákùnrin rẹ̀ fi sí i, awọ náà sì kú lára obìnrin yẹn, èyí tí wọ́n fi sí i lẹ́ẹ̀kejì sì tètè kú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àfi ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó mú ọ̀bẹ ni màá kọ́kọ́ yìn, bí kò ṣe nọ́ọ̀sì. Ní Pobè, nílẹ̀ àwọn Nàgó ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé ìwòsàn kan wà fún egbò Buruli, tí àwọn ará Nàìjíríà náà ń sọdá ibodè lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀. Oró kòkòrò tó ń fa egbò yìí ń pa awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Oògùn ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í dá awọ tó ti lọ padà.

Nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń mọ ìgbà tó tó láti lẹ awọ mọ́ ọn. Ẹran pupa tó tẹ́jú, tó gbẹ díẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá fi aṣọ nù ún, ló ń retí. Èyí tó funfun rọ́rọ́, tó ń dán fún omi, wọ́n á ha á kúrò. Eegun tí awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó ti ṣí kúrò kò lè bọ́ awọ tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kòkòrò *Streptococcus* bá sì wà níbẹ̀, ó lè yọ́ gbogbo rẹ̀ dànù.

Bí wọ́n bá ti tẹ́ awọ náà, wọ́n á fi ojú abẹ dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dúró sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á rán etí rẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi Fasilíìnì pa bò ó, wọ́n á di òwú tútù mọ́ ọn pinpin. Bó bá jẹ́ orúnkún, POP tí wọ́n fi ń de eegun tó ṣẹ́ á tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú dídì yìí ni mo lè fi gbogbo ọ̀sán wò. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, awọ yẹn kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan. Omi tó ń sun láti ojú egbò ló ń mu. Nígbà tó bá di nǹkan bí ọjọ́ kẹta, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ti ìsàlẹ̀ á bá ti òkè pàdé. Bí awọ bá yẹ̀ díẹ̀, wọ́n á já. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá há sí àárín wọn, wọn ò ní pàdé rárá.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Omi oníyọ̀ ni wọ́n á fi rin gọ́ọ̀sì títí á fi tú, wọ́n á wá máa ká a padà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka ọwọ́ kejì á máa tẹ awọ mọ́lẹ̀. Nígbà míì, ìpele dúdú tó wà lókè á ṣí bá gọ́ọ̀sì lọ, ẹni tí kò tíì rí i rí á sì pariwo pé ó ti kú. Àgbà nọ́ọ̀sì á tẹjú mọ́ abẹ́ rẹ̀: bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì lẹ̀, kò sí wàhálà. Ibi tí omi bá wú sí, á là á díẹ̀, á sì fi òwú yí i jáde.

Awọ náà kì í làágùn, nítorí náà òróró gbọ́dọ̀ máa kàn án, òrí sì dára fún un. Ó tún máa ń sún kì, débi pé ó lè ká orúnkún kò. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń de igi mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ lálaalẹ́ fún oṣù mélòó kan, tí àwọn ọmọ sì ń tú u dànù lóru, tí ìyá wọn ń tún un dè.